Òwú Tó Dé Lọ́ńdọ̀nù Ló Dé Bàhíà

Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà sí ọmọ Èkó. Ládùúgbò tí mò ń gbé, agbára káká ni ẹ fi máa rí ilé tí wọn kò ti ní ọmọ, àbúrò tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ lọ́la, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ni pé kó bá àwọn gbé ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ dání. Wọn kì í bi í pé báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe gùn tó, wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ẹ wọ bàálù ní Ìkẹjà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀, bó pẹ́ tán kó di méje, ẹ ti gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ Salvador, olú ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, fún àwọn èèyàn yìí kan náà, ẹ ó rí i bí ojú wọn ṣe máa yí padà. "Ibẹ̀ mà jìnnà o!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa.

Kò jìnnà. Láti pápákọ̀ òfúrufú Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù tó wà ní Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni bí a bá gba ọ̀nà tó kúrú jù. Láti Ìkẹjà kan náà dé pápákọ̀ òfúrufú Salvador, nǹkan bí 5,090 ni. Ohun tí ọ̀nà kejì fi gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ kò tó ìrìn Èkó sí Ìbàdàn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tún un wò, mo sì tún un ṣírò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, nítorí mo wá rí i pé òkun kọ́ ló ya àwa àti àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ra bọ́ọ̀lù àwòrán ayé fún un nítorí ẹ̀kọ́ jíọ́gíráfì, irú èyí tí wọ́n fi irin gún láàárín tó ń yí. Mo ní kó lọ mú òwú ìránṣọ ìyá rẹ̀ wá. A fi orí òwú náà lé Èkó, mo ní kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fa ìyókù gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí ó fi kan Lọ́ńdọ̀nù, a sì gé e síbẹ̀. Mo wá ní kó má gbé ìka kúrò ní Èkó o, kó kàn darí òwú náà sí ọwọ́ òsì, kó gba orí omi lọ. Ó nà án. Ẹnu òwú náà bọ́ sí etíkun Bràsíìlì, ó ku bíńtín kó kan àmì tí wọ́n fi sàmì sí Salvador.

"Dádì Ìkẹjà, ṣé ẹ ò fà á jù báyìí?"

Mo ní kó ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ṣe é, ibì kan náà ló tún bọ́ sí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí òwú náà káàkiri ayé. Ó kọjá Johannesburg. Ó kọjá Jẹ́dà tí àwọn alálàájì ń balẹ̀ sí. Kò dé Dubai tí ìyá rẹ̀ ti máa ń ra ọjà, nítorí Dubai fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,900 kìlómítà sí Èkó. Nígbà tó kọ orí rẹ̀ sí New York, àárín òkun ló ti tán. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí Mọ́mì ò lọ sí Bràsíìlì rí?" Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà, ìbéèrè yẹn sì wà lára ohun tó mú mi jókòó ti ìwé yìí.

Mo fẹ́ràn òwú yẹn ju máàpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri lọ. Ayé rí roboto, pépà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ohun roboto sórí ohun pẹrẹsẹ gbọ́dọ̀ na apá kan, kó sì fún apá kan pọ̀. Òwú tí a bá nà le lórí bọ́ọ̀lù kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ìlú méjì, ọ̀nà yẹn náà sì ni awakọ̀ òfúrufú máa ń fẹ́ tọ̀, àfi bí ìjì, atẹ́gùn tàbí òfin ojú òfúrufú orílẹ̀-èdè kan bá ní kó yà.

Báwo wá ni kìlómítà ṣe ń di wákàtí? Bàálù ńlá tó ń sọdá òkun máa ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá sókè. Kò lè bẹ̀rẹ̀ eré yẹn láti ilẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rọra yí lọ sí ibi tí yóò ti gbéra, yóò máa pọ́n òkè fún bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, bó bá sì kù díẹ̀ kó dé, yóò tún dín eré kù. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ lórí ìka fi lè fi 850 pín iye kìlómítà, kó wá fi ààbọ̀ wákàtí kún ohun tó bá jáde. Ẹ fi ti Lọ́ńdọ̀nù dán an wò, ẹ ó rí i pé ó bá ohun tí gbogbo wa mọ̀ mu. Ẹ fi ti Salvador dán an wò: wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Atẹ́gùn náà kò ní dí wọn lọ́wọ́ púpọ̀. Lójú òkun àríwá, láàárín New York àti Lọ́ńdọ̀nù, atẹ́gùn òkè máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn pẹ̀lú agbára, débi pé àlọ àti àbọ̀ lè fi nǹkan bí wákàtí kan ju ara wọn lọ. Lágbègbè tiwa yìí, nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì, atẹ́gùn òkè kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fi ti aago kún un. Aago wa fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú tiwọn. Bàálù tó bá gbéra l'Ékòó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yóò balẹ̀ ní Salvador ní aago mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó fi àkàrà mu ẹ̀kọ ní Ìkẹjà láàárọ̀ lè jẹ acarajé, àkàrà tiwọn, ní Bàhíà lọ́sàn-án.

Bàálù tí mò ń sọ yìí kò sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó lọ sí Salvador, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló máa gbà kọjá. Ọ̀nà Páríìsì ni èmi gbà. Lẹ́yìn àga tó wà níwájú mi, ìbòjú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fi ibi tí a dé hàn: bàálù funfun bíńtín, ìlà kan tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, nọ́ńbà méjì nísàlẹ̀, iye kìlómítà tó kù àti iye wákàtí tó kù. Àwọn tó yí mi ká ń wo fíìmù, àwọn mìíràn ti da aṣọ bo orí sùn. Èmi ò lè gbójú kúrò lára bàálù funfun yẹn. Àríwá ló kọ imú sí. A kọjá lórí ilẹ̀ Niger, a bọ́ sórí aṣálẹ̀ Àlgéríà, nọ́ńbà ń já wálẹ̀, 3,000, 2,500, 2,000, bí ẹni pé à ń sún mọ́ ibi tí à ń lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mò ń lọ. Láti Páríìsì dé Salvador fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 kìlómítà. Nígbà tí mo wà nílé mi tí mò ń di ẹrù, 5,090 ló kù. Mo sanwó, mo jókòó gbọn-in fún bí wákàtí mẹ́fà, mo sì fi nǹkan bí 2,900 kìlómítà jìnnà sí Bàhíà ju ìgbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Gbogbo ọ̀nà náà lápapọ̀ lé ní 12,600 kìlómítà. Kí n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Salvador, ó ti lé ní ọjọ́ kan tí mo ti kúrò nílé.

Àwọn kan gba Addis Ababa. Ẹ kọ́kọ́ fò 3,900 kìlómítà lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ wá yí padà fò 9,900 lọ sí São Paulo ní ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn náà ẹ wọ bàálù mìíràn fún nǹkan bí 1,450 kí ẹ tó rí Bàhíà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Ó dà bí ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ dé Òṣogbo. Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́, àwọn bàbá wa ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá wà tó jẹ́ pé èyí tó lọ tààrà nìkan ni kò sí, ó yẹ ká béèrè ẹni tó dí i.

Kò sì tán síbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ń mú pásípọ́ọ̀tù wa lọ́wọ́, tí kò sì ní físà àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kan, gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè pààrọ̀ bàálù ní Páríìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní jáde sí ìgboro. Orí àga ló máa jókòó sí, láàárín géètì kan àti èkejì. Síbẹ̀ yóò kó ìwé báńkì, ìwé ibi iṣẹ́, ìwé ilé, yóò lọ tò, yóò sì lọ sílé lọ máa dúró de èsì. Físà Bràsíìlì ti wà nínú ìwé rẹ̀, àwọn tó ń lọ bá ti ní kó máa bọ̀, ẹni tí kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ló kù tí ó gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ka wákàtí tó wà láàárín Èkó àti Salvador, ọ̀sẹ̀ tí èèyàn fi dúró de ìwé yẹn wà lára wákàtí náà. Àwọn tó ń ṣírò ọ̀nà lórí kọ̀ǹpútà kì í kà á mọ́ ọn.

Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni pé ọ̀nà tààrà ti wà rí. Òun ló tilẹ̀ kọ́kọ́ wà. Ọ̀nà ibi ló jẹ́ nígbà tí wọ́n là á: ọkọ̀ ẹrú ló ń tọ̀ ọ́, ó ń ti Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bàhíà, títí di 1850 tí Bràsíìlì fi òfin tó múná ti ilẹ̀kùn òwò náà. Mi ò lè sọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn kí n má rántí àwọn tí kò débẹ̀, tí òkun gbé mì. Ṣùgbọ́n àwọn tó débẹ̀ kò gbà kó jẹ́ ọ̀nà àlọ nìkan. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ṣáájú rẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní 1835, ìjọba lé àwọn kan kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ tó ti ra ara wọn padà sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀, wọ́n ń bọ̀ nílé. Àwọn la mọ̀ sí Àgùdà. Wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó l'Ékòó, wọ́n jẹ́ káfíńtà, bíríkìlà àti aránṣọ. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló ti jáde. Ẹni tó bá wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà dáadáa tó sì ti rí ṣọ́ọ̀ṣì Salvador rí, ọwọ́ kan náà ló máa rí lára ògiri méjèèjì.

Àwọn ọkọ̀ onígbọ̀kùn wọ̀nyẹn ń ti Èkó kó epo pupa, obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì lọ. Wọ́n ń ti Bàhíà kó tábà àti ọtí ìrèké bọ̀. Ó ń gbà wọ́n tó oṣù kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ bí atẹ́gùn bá kọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́kọ́ lọ kí ẹnikẹ́ni ní Páríìsì. Wọ́n bí Martiniano Eliseu do Bonfim ní Salvador ní 1859. Ní 1875, bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó, ó sì wà níbí di 1886, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sí Bàhíà ó di bàbáláwo tí ẹsẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ọmọkùnrin yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní ayé tí kò sí iná mànàmáná nílé ẹnikẹ́ni, mọ ọ̀nà tó lọ tààrà láti Bàhíà sí Èkó. Irú rẹ̀ tó bá wà ní Salvador lónìí, tó ń wo Èkó lórí fóònù, kò mọ̀ ọ́n.

Ìwé ṣì ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ onígbọ̀kùn kógbá sílé. Ní 1952, Aláàfin Adéníran Adéyẹmí rán Pierre Verger, ọmọ Faransé ayàwòrán tó fi Bàhíà ṣe ilé, sí Ìyá Senhora, olórí ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá. Ṣẹ́rẹ́ Ṣàngó kan àti ẹdùn àrá wà nínú ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó fi oyè Ìyá Nàsó dá obìnrin náà lọ́lá. Ẹ fojú inú wò ó: ọba l'Ọ́yọ̀ọ́ ń fi oyè ààfin rẹ̀ jẹ obìnrin tó wà ní ìkọjá òkun, kò sì sẹ́ni tó ní ọ̀nà jìn jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé bàálù ni kò lè gba ọ̀nà náà, kò mọ ìtàn bàálù. Ní oṣù karùn-ún 1930, Jean Mermoz gbé àpò lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà sọdá sí Natal ní Bràsíìlì, ó fi nǹkan bí wákàtí mọ́kànlélógún fò ó, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà la pápá sórí erékùṣù Ascension láàárín òkun ní 1942, bàálù ogun wọn sì ń ti Natal bọ́ sí Ascension, wọ́n ń ti Ascension bọ́ sí Accra, wọ́n á gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá lọ sí Khartoum. Ìyẹn ni pé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé, bàálù ti ń ti Bràsíìlì wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ti ẹ́ńjìnnì ìsinsìnyí kò tún wá ní àríyànjiyàn nínú. Òfin sọ bí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ṣe lè jìnnà tó sí pápá tó lè sáré balẹ̀ sí bí ọ̀kan bá kú, ọ̀pọ̀ ló sì ní àṣẹ wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Láti ìparí 2007 ni bàálù ti ń ti Èkó lọ tààrà sí Atlanta, nǹkan bí 9,400 kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ọ̀nà Salvador. Òkun kan náà ni.

Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ owó máa sọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Epo bàálù wọ́n, owó ìbalẹ̀ wọ́n, bàálù tó gba igba ó lé àádọ́ta èèyàn kò lè máa gbé ogójì sọdá òkun kó má kó olówó rẹ̀ sí gbèsè. Wọ́n á ní èrò kò pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n báwo ni èrò ṣe máa pọ̀ lójú ọ̀nà tí kò sí? Iye ènìyàn tó ń lọ nísinsìnyí ni wọ́n ń kà, àwọn tí ọ̀nà Páríìsì àti físà ìkọjá rẹ̀ ti dá padà kò sí nínú ìṣirò. Àwọn tó wá ń lọ, ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ bàálù ni wọ́n ń kà wọ́n mọ́.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀nà tààrà wà. Láti Salvador, bàálù ń lọ tààrà sí Lisbon, nǹkan bí 6,500 kìlómítà, ó fi 1,400 jìn ju Èkó lọ. Láti Èkó, bàálù ń lọ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ọ̀gá àtijọ́ tirẹ̀ ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tààrà sí. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹ́ ríra, oníkálukú ní láti kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ gàba lé e lórí. Mi ò ní ẹnikẹ́ni jókòó sínú yàrá kan pète rẹ̀ báyìí lónìí. Bí ọ̀nà owó ṣe lọ láyé ìjọba amúnisìn ni waya tẹlifóònù tẹ̀ lé, ibẹ̀ náà ni bàálù tẹ̀ lé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹni tó tún un ṣe.

Ní Salvador, mo lọ sí ọjà São Joaquim tó wà létí omi. Bí ẹ bá di ojú yín wọ ọjà náà, imú yín á ní Òyìngbò ni. Epo pupa wà nínú ìgò, edé gbígbẹ wà nínú agbọ̀n, ewúrẹ́ ń ké lápá kan. Mo dé ìdí àtẹ ìyá kan tó ń ta ohun èlò òrìṣà: atare nínú èèpo rẹ̀, orógbó, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ọ̀rá wé, àti obì. Obì náà kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń hunjọ, iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan lè ra ọ̀pọ̀ ní Ṣàgámù. Ẹni tó mú mi lọ sọ fún ìyá náà pé Èkó ni mo ti wá. Ìyá náà di ọwọ́ mi méjèèjì mú, kò jù wọ́n sílẹ̀. Ó béèrè, ẹni tó mú mi lọ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé ṣé ó jìn gan-an. Mo ní ọ̀nà tí mo gbà jìn, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń lọ tààrà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni.

Ó ní kí wọ́n tún un sọ fún òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní São Paulo, bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń ju ọjọ́ kan lọ lójú títì kó tó débẹ̀. Ó wo obì tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Èkó wá sún mọ́ mi ju ọmọ mi lọ nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún láti ọdún pípẹ́ ló ṣe sọ ọ́, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìyá yìí, àti àwọn tó bí i, ti ń fi obì bọ òrìṣà láìmọ̀ pé ibi tí obì ti ń wá kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ.

Ní oṣù kẹjọ 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinúbú lọ bá Ààrẹ Lula ní Brasília, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà òfúrufú, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bàálù tó máa lọ tààrà láti Èkó sí São Paulo. Inú mi dùn sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ sí i. Èkó sí São Paulo jẹ́ nǹkan bí 6,350 kìlómítà, bí wákàtí mẹ́jọ, ó sì yé mi pé ìlú òwò ni, ibẹ̀ ni báńkì wà, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ńlá wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Bàhíà tó bá gba ibẹ̀ ti kọjá ibi tó ń lọ, yóò tún wọ bàálù mìíràn padà sókè. Salvador fi ohun tó lé ní 1,200 kìlómítà sún mọ́ wa ju São Paulo lọ. Ìlú tó ní èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú, ìlú tí wọ́n ti ń ki Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ohùn tí ará Kétu máa gbọ́.

Mi ò ní kí wọ́n gbé bàálù lójoojúmọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi àsìkò dán an wò. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja létíkun Rio Vermelho ní Salvador. Lóṣù kẹjọ, ayé ń ya lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Bàálù kan lọ́sẹ̀ ní àsìkò méjèèjì yìí, kó gbé àwa lọ, kó gbé àwọn bọ̀. Kí àwọn yunifásítì tó ń kọ́ Yorùbá níbí àti àwọn tó ń kọ́ ọ ní Bàhíà fi pààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn oníṣòwò obì àti ọṣẹ dúdú fi gbé ẹrù. Kí ìjọba méjèèjì dín owó ìbalẹ̀ kù fún ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbà á, bí wọ́n ti ń ṣe fún òwò tuntun mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ kó dúró.

Ẹ̀yin tó wà nídìí ètò òfúrufú ní Àbújá àti ní Brasília, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ Salvador sínú ìwé àdéhùn yẹn. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka èyí, bí ọjọ́ bá pé tí wọ́n bá ní bàálù Bàhíà ti fẹ́ gbéra, ẹ má jẹ́ kó lọ pẹ̀lú àga òfìfo.